Èsì: NGO tó fẹ́ kógbá sílé ní Òṣogbo, ẹ kọ́kọ́ wo owó tó kù lápò

Ẹ kú ìdààmú o, ma. Mo ka ohun tí ẹ kọ. Ẹgbẹ́ aláàánú yín wà ní Òṣogbo, òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án, ẹ ń tọ́jú àwọn aboyún àtàwọn tó ń lo oògùn HIV. Owó Amẹ́ríkà tó ń gba ọwọ́ àjọ ńlá kan bọ̀ sọ́dọ̀ yín ti gé, ìgbìmọ̀ sì ti pinnu pé kí ẹ kógbá sílé. Ẹ wá béèrè nǹkan méjì: ṣé lẹ́tà kan sí CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, ti tó, àbí ó di kóòtù? Àti pé ṣé àwọn olùdásílẹ̀ lè pín ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀ láàárín ara wọn, torí wọn ò gbowó oṣù rí?

Kóòtù ni. Ẹ ò sì lè pín in. Mo ń bọ̀ lórí méjèèjì, àmọ́ ohun tí ẹ ò kọ ló ń kọ mí lóminú: èló ló kù nínú àkáǹtì yín lónìí?

Owó ni wọ́n fi ń kógbá NGO sílé. Ẹni tójú rẹ̀ bá ti rí màbo lórí ẹ̀ bíi tèmi, ohun tó máa kọ́kọ́ bi yín nìyẹn. Àwọn konsọ́tántì tó ń gba owó gọbọi lọ́wọ́ wa á kọ ìwé ogójì ojú-ewé lórí bí ẹgbẹ́ á ṣe wà pẹ́ títí, ojú-ewé kan ṣoṣo ò ní sí níbẹ̀ lórí bí yóò ṣe parí. La bá ń ná owó lọ dé kọ́bọ̀ tó kẹ́yìn, à ń retí pé dónọ̀ mìíràn ń bọ̀ lọ́nà, ìgbà tí àpò bá gbẹ la tó ń pe ìpàdé. Ẹ̀pa ò bóró mọ́ nígbà yẹn. Lọ́yà ò ní gba àdúrà dípò owó iṣẹ́ ẹ̀, ọ̀dítọ̀ náà ò ní fọwọ́ síwèé lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ ya owó ìkógbá sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ tó san ohunkóhun mìíràn. Ibi tó máa bá lọ nìwọ̀nyí: owó nọ́tíìsì àwọn òṣìṣẹ́, gbèsè CAC fún àwọn ọdún tí ẹ ò fi ìròyìn ọdọọdún ránṣẹ́, ọ̀dítọ̀, lọ́yà, ìkéde nínú ìwé ìròyìn, owó oṣù akáwọ́ọ́ntáǹtì kan fún oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá ti lọ, ibi tí àpótí ìwé á wà fún ọdún mẹ́fà. Ní tèmi o, tí ohun tó kù ò bá ká ìnáwó oṣù mẹ́ta ìgbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ, ẹ ti ń pẹ́ nìyẹn. Owó tí dónọ̀ là sílẹ̀ fún oògùn ò sí lára ẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án láìgba ìyọ̀ǹda lórí ìwé, torí wọ́n á gbà á padà.

Ẹ lè máa rò ó pé kí ni akáwọ́ọ́ntáǹtì ń ṣe fún oṣù mẹ́rin. Ìlànà owó ìjọba Amẹ́ríkà ni pé àjọ tó gbà á tààrà ní ọjọ́ 120 lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí láti kó gbogbo ìròyìn ìkẹyìn jọ. Ẹ̀yin tí ẹ gbà á lọ́wọ́ àjọ náà, ọjọ́ 90 ni tiyín. Lẹ́yìn náà, wọ́n lè béèrè rìsíìtì fún ọdún mẹ́ta gbáko. Àtìgbà tí wọ́n ti dá owó USAID, àjọ ìrànwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, dúró ní Oṣù Kìíní 2025 ni mo ti ń rí i tí àwọn ẹgbẹ́ ń kọ́kọ́ lé akáwọ́ọ́ntáǹtì, torí owó oṣù tiẹ̀ ló tóbi jù. Ta ló wá máa ṣàlàyé owó epo ọkọ̀ ọdún tó kọjá? Ẹ dá a dúró kẹ́yìn.

Rìsíìtì gan-an: èyí tí ẹ̀rọ POS àti ilé epo ń tẹ̀ jáde, ooru ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, kì í pẹ́ tó fi ń funfun báláú. Ẹ ṣe fọ́tókọ́pì gbogbo wọn báyìí, kí ẹ gán èyí tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ẹ̀dà rẹ̀.

Ó kan kóòtù. Òfin CAMA ọdún 2020, ìyẹn òfin ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́, ló de ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú tírọ́sítì (àwọn tí orúkọ wọn wà lọ́dọ̀ CAC pé àwọn ló dúró fún ẹgbẹ́), abala 850 ló sì sọ bí wọ́n ṣe ń tú u ká. Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ló ń ṣe é, ó sì wà ní Òṣogbo níbẹ̀. Àwọn tó lè gbé ẹ̀bẹ̀ náà lọ ni ìgbìmọ̀ tó ń darí ẹgbẹ́, tírọ́sítì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n bá tó ìdajì, tàbí CAC fúnra rẹ̀. Ẹ wo "tírọ́sítì kan" yẹn dáadáa. Lọ́yà kan lè sọ fún yín pé àfi kí ẹ dúró de èyí tó ti japa sí Kánádà. Ẹ ṣí abala náà fún un.

Àwọn ìdí tí òfin dárúkọ ni pé iṣẹ́ tí ẹ torí ẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ti parí, pé àsìkò tí ẹ dá fún un ti pé, pé iṣẹ́ náà ti di ohun tí òfin kà léèwọ̀, pé wọ́n ti gba ìwé ẹ̀rí yín, tàbí pé ó tọ́, ó sì yẹ kí wọ́n tú u ká. Ẹ rí i pé "owó ti tán" ò sí níbẹ̀ ní tààrà. Ìdí tó kẹ́yìn yẹn ni tiyín, torí náà ìwé ìbúra yín gbọ́dọ̀ ṣàlàyé àwọn tí ẹ ti tọrọ owó lọ́wọ́ wọn, ẹni tí ẹ fi àwọn aláìsàn lé lọ́wọ́, àti pé ẹ ò jẹ ẹnikẹ́ni lówó. Kóòtù á ní kí ẹ fi tó gbogbo ẹni tọ́rọ̀ kàn létí. Ìpàdé gbogboogbo, ìpinnu, àkọsílẹ̀, ẹ mọ ìyẹn. Ẹ kàn má gbé ìwé lọ nígbà tí Oṣù Keje bá ń parí lọ, torí àwọn adájọ́ á lọ sinmi títí wọ inú Oṣù Kẹsàn-án.

Ẹlòmíràn á ní ẹ jẹ́ kó sùn síbẹ̀. Ìmọ̀ràn burúkú gbáà ni. Láti ọgbọ̀njọ́ Oṣù Kẹfà sí ìparí Oṣù Kejìlá lọ́dọọdún ni ìròyìn yín gbọ́dọ̀ dé CAC, bẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ bẹ́ ẹ ò ṣiṣẹ́, owó ìtanràn á máa gorí ara wọn. Àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn fún ọdún márùn-ún, CAC lè béèrè ẹ̀rí pé ẹ ṣì wà. Ọjọ́ 15 péré ni wọ́n á fún yín, bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á tú yín ká, wọ́n á gbé owó náà fún ẹgbẹ́ mìíràn. Tí ẹgbẹ́ kan bá wà nítòsí tó ń ṣe irú iṣẹ́ yín, abala 849 fàyè gba kí ẹ dara pọ̀ mọ́ wọn. Ẹ rò ó wò.

Báńkì ló kàn. Ibí yìí ni inú ti máa ń bí mi, ẹ fojú fò ó tí ẹ bá fẹ́, àmọ́ ẹ máa padà síbẹ̀ ni.

Ká ní ẹni mẹ́ta ló ń fọwọ́ sí owó, méjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí owó tó jáde. Ọ̀kan kú, ọ̀kan japa. Ẹ lọ bá báńkì pé ẹ fẹ́ pààrọ̀ wọn. Ọmọ tó wà ní kọ́ńtà ní kí ẹ mú ìpinnu ìgbìmọ̀ wá, ẹ mú un wá. Ó ní kò tó, kí ẹ lọ gba ìwé CAC tó fi orúkọ àwọn tírọ́sítì hàn bó ṣe wà lónìí. Ẹ ṣí ojú òpó CAC lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ bá INACTIVE níwájú orúkọ ẹgbẹ́ yín, torí ìròyìn ọdún mẹ́rin ò tíì wọlé. Ẹ san owó ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ìtanràn kí wọ́n tó ṣí i. Níbo lowó wà? Inú àkáǹtì tí báńkì tì mọ́ yín lójú ni. CAC ń dúró de owó báńkì, báńkì ń dúró de ìwé CAC, òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án sì ń dúró de yín. Tí ẹni tó kú yẹn bá tún jẹ́ tírọ́sítì, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ CAC: ìpàdé, ìkéde nínú ìwé ìròyìn méjì, ọjọ́ 28 fún ẹni tó bá fẹ́ takò ó. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá sì padà sí báńkì, ojú tuntun lẹ máa bá ní kọ́ńtà, fọ́ọ̀mù mìíràn ló máa béèrè. Ẹ ní ẹ fẹ́ rí ọ̀gá, ọ̀gá ti lọ ṣèpàdé ní Ìbàdàn.

Ohun tó ń já okùn yẹn ni kí ẹ ṣe é nígbà tí ọwọ́ méjì ṣì wà. Ẹ san gbèsè CAC kí ẹ tó kéde fún ẹnikẹ́ni. Ẹ fi ẹni méjì tí wọ́n ń gbé Òṣogbo, tí BVN wọn ò lábùkù, kún àwọn tó ń fọwọ́ sí owó. Ẹ san àsansílẹ̀ fún ọ̀dítọ̀ àti lọ́yà. Lẹ́tà èyíkéyìí tí ẹ bá gbé lọ sí ọ́fíìsì kankan, ì báà jẹ́ báńkì, SCUML (ọ́fíìsì ìjọba tó ń ṣọ́ fífi owó ẹ̀gbin pamọ́) tàbí àwọn owó-orí, ẹ̀dà méjì ni kó jẹ́, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí èyí tí ẹ máa mú padà sílé. Àkáǹtì náà ni kí ẹ tì kẹ́yìn pátápátá, kí ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹ̀, torí owó SMS àti owó ìtọ́jú àkáǹtì ò mọ̀ pé ẹ ti kógbá sílé.

Ní ti òṣìṣẹ́, lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ wọn lẹ máa kọ́kọ́ wò. Èyí tó kéré jù lábẹ́ òfin iṣẹ́ ni nọ́tíìsì ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tó ti lò ju oṣù mẹ́ta lọ àmọ́ tí ò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì títí dé ọdún márùn-ún, oṣù kan fún ẹni tó bá ti pé ọdún márùn-ún. Tí ẹ bá ń yọ owó ìfẹ̀yìntì lára owó oṣù wọn, ẹ jọ̀ọ́, owó wọn ni o. Ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn owó oṣù ni kó ti dé ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìfẹ̀yìntì. Owó-orí tí ẹ yọ náà, ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀ lé e. Ẹ san méjèèjì kí ẹ tó san owó lánlọ́ọ̀dù. Ẹ kọ lẹ́tà ẹ̀rí iṣẹ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn nísinsìnyí tí lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì ṣì wà.

Àwọn aláìsàn: ẹ má fi SMS sọ ọ́ fún wọn. Kí ẹnì kan kọ́kọ́ lọ bá nọ́ọ̀sì tó ń mójú tó oògùn HIV ní ọsibítù ìjọba sọ̀rọ̀, kí ìwé tí aláìsàn kọ̀ọ̀kan máa mú dání sì ní orúkọ oògùn, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, èsì àyẹ̀wò tó kẹ́yìn, àti iye ọjọ́ tí oògùn ọwọ́ ẹ̀ kù. Ẹni tí tiẹ̀ ò bá tó oṣù kan ni kí ẹ kọ́kọ́ mú lọ, kí ẹ sì bá a débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Fáìlì wọn ń kọ́? Tí ẹ bá dì í sínú Ghana Must Go, tí ẹ gbé e sí ẹ̀yìn ilé ẹnì kan, ọmọ ọ̀dọ̀ máa tà á ní kílò kílò, ọ̀sẹ̀ kejì ẹ máa ra àkàrà tí wọ́n fi orúkọ àti èsì àyẹ̀wò aboyún wé. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ọdún 2023 á bá yín níbẹ̀. Fáìlì ìlera bá aláìsàn lọ sí ọsibítù, kí wọ́n fọwọ́ síwèé pé àwọn gbà á. Èyí tí ò nílé, ẹ dáná sun ún, kí ẹni méjì dúró tì í títí á fi jóná tán. Ìwé owó nìkan lẹ máa tọ́jú fún ọdún mẹ́fà, àwọn tírọ́sítì tó kẹ́yìn ló sì wà lọ́rùn wọn. Àpótí onírin ni kí ẹ lò, kí ẹ gbé e lé búlọ́ọ̀kù, kó má kan ògiri, torí ikán.

Hàà, ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀! Abala 850 yẹn náà ló dáhùn. Ohun tó bá kù lẹ́yìn gbèsè ò gbọ́dọ̀ kan ọmọ ẹgbẹ́ kankan lọ́wọ́, ẹgbẹ́ mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yín ni kó lọ, ẹ̀yin náà lẹ sì máa yàn án níbi ìpàdé. Àánú àwọn olùdásílẹ̀ ṣe mí, àmọ́ bẹ́ẹ̀ ni. Kó tó dé ibẹ̀ pàápàá, ẹ kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ àjọ tó fún yín lówó pé ta ló ni ọkọ̀ náà, torí ó lè jẹ́ pé kì í ṣe tiyín rárá. Ẹ má tà á, ẹ má yá ẹnikẹ́ni lò, kí èsì wọn tó dé. Ẹgbẹ́ tó bá gbà á, kí wọ́n yí ìwé ọkọ̀ sórúkọ ara wọn lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, tàbí kí ẹ máa gba ìpè ọlọ́pàá lórí ọkọ̀ tí kò sí lọ́wọ́ yín mọ́.

Fóònù ọ́fíìsì náà, ẹ máa ra káàdì sí i fún ọdún kan ó kéré tán. SIM tí ẹ bá pa tì fún oṣù mẹ́fà, wọ́n lè gé e, tó bá tún pẹ́ sí i wọ́n á tà á fún ẹlòmíràn, aláìsàn yín á sì pe nọ́ńbà yẹn, kó tó mọ̀ pé ẹni tó gbé e ò mọ òun rí, ó ti béèrè ibi tóun ti máa gba oògùn.