Láti London dé Iléṣà: ṣé Àkúrẹ́ ni kí ẹ sọ̀ ni, àbí Ìbàdàn?

Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò o, ẹ̀gbọ́n. Inú mi dùn pé ẹ fẹ́ mú màmá wálé wá ṣe Ìwúdè, ọdún ìbílẹ̀ àwa Ìjẹ̀ṣà, nínú oṣù Kejìlá. Ẹ ní ẹ rí i pé bàálù láti Èkó sí Àkúrẹ́ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 lọ, ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ kúkú wọ̀ ọ́, nítorí orúnkún tó ń dun màmá.

Ìgbà tí bàálù wà lókè nìkan ni ìṣẹ́jú 45 yẹn. Ẹ ti gbọ́dọ̀ wà ní pápákọ̀ ní bíi wákàtí kan àbọ̀ ṣáájú. Bí ẹ bá sọ̀, ẹ ó dúró gba ẹrù. Ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sì ni pápákọ̀ Àkúrẹ́ wà, ẹ ó kọ́kọ́ la ìlú já kí ẹ tó kọjú sí Ìgbárà-Òkè, Ọwẹ́nà àti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, kí ẹ tó yọ sí Ìwárajà. Ó lé ní kìlómítà 80. Bí títì bá dá, mọ́tò tó gbéra ní Ikẹjà ní ìdájí, tó gba Ìbàdàn, Gbọ̀ngán àti Ifẹ̀, lè dé Iléṣà láàárín àkókò kan náà.

Ọyẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bí kùrukùru rẹ̀ bá bo ojú ọ̀run, awakọ̀ bàálù kò ní ríran balẹ̀ dáadáa, àwọn bàálù abẹ́lé á máa sún àkókò síwájú, tàbí kí wọ́n má gbéra rárá. Kí màmá jókòó sórí àga pápákọ̀ látàárọ̀ dalẹ́, ṣé orúnkún yẹn á gbà á?

London sí Èkó jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 5,000, wákàtí mẹ́fà àti díẹ̀ lókè. Nígbà òtútù, aago wa fi wákàtí kan ṣáájú ti London, nítorí náà bàálù tó gbéra lọ́sàn-án, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó balẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bọ́ sí títì lóru yẹn, bó ti wù kí ilé máa wù yín tó. Ẹ sùn sí Ikẹjà.

Bí ẹ bá rí bàálù tó ń gbéra ní London lálẹ́ tó sì ń balẹ̀ ní Àbújá ní ìdájí, ẹ lè ti ibẹ̀ wọ ti Ìbàdàn: bíi kìlómítà 400, nǹkan bí wákàtí kan. Alákìá ni pápákọ̀ Ìbàdàn wà, ó súnmọ́ ọ̀nà Ifẹ̀, ẹ kò ní wọ àárín ìgboro. Ẹni tó ń lọ sí Ifẹ̀ ni èyí bá mu jù. Iléṣà fi bíi kìlómítà 30 jìnnà sí Ifẹ̀. Ní ti rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn, Mónìyà ló ń já èrò sí, kò sí lọ́nà wa.

Ó dùn mí gan-an pé pápákọ̀ bàálù Ìdó-Ọ̀ṣun, lẹ́bàá Òṣogbo, ti wà láti ayé Òyìnbó, síbẹ̀ kò tíì máa gbé èrò fún wa.

Mọ́tò ni èmi máa mú fún màmá. Ẹ háyà èyí tí àyè ẹsẹ̀ wà níwájú, kí dírẹ́bà jẹ́ ẹni tí ará ilé mọ̀ dáadáa, kí ẹ sì ti fẹnu kò lórí owó kí ẹ tó kúrò ní London. Ẹrù tí bàálù abẹ́lé ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ máa ń kéré sí ti òkè òkun, mọ́tò á gba gbogbo àpótí yín. Kí ó dúró ní Ìkirè kí màmá na ẹsẹ̀, kí wọ́n sì ra dòdò Ìkirè dání.