Màmá wa kì í sinmi lóru ní wọ́ọ̀dù: kí ni nọ́ọ̀sì lè ṣe, kí sì ni àwa lè ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá wa, ẹni ọdún 74, ṣubú nílé, eegun itan wọn ṣẹ́, wọ́n sì ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn. Lọ́sàn-án ara wọn a balẹ̀, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọn a máa pe àwọn tó ti kú, wọn a sì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn ẹbí kan ní ọwọ́ ayé ni. Ṣé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni láti fọkàn irú ẹni bẹ́ẹ̀ balẹ̀, àbí abẹ́rẹ́ àti oògùn nìkan ni tiwọn? Kí la lè ṣe kí wọ́n má baà tún ṣubú?

Ìdáhùn: Ẹ kú àìsùn, ẹ sì kú ìtọ́jú màmá. Iṣẹ́ àwa nọ́ọ̀sì ni láti fọkàn aláìsàn balẹ̀. Ìbéèrè méjèèjì tí ẹ bi sì so mọ́ra, nítorí pé aláìsàn tí ẹ̀rù ń bà, tàbí tí ojú ń tì láti pe nọ́ọ̀sì, ni ó sábà máa ń dá dìde lóru, tí yóò sì ṣubú.

Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe wọ́pọ̀ lára àwọn àgbàlagbà lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yìí. Delirium ni àwọn oníṣègùn ń pè é: iyè ènìyàn a dàrú láàárín wákàtí díẹ̀ tàbí ọjọ́ kan sí méjì, a máa lọ, a máa bọ̀, ó sì máa ń le sí i lálẹ́. Kì í ṣe wèrè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àrùn ìgbàgbé tó máa ń wọlé sára arúgbó díẹ̀díẹ̀. N kò bá ẹbí yín jiyàn lórí ohun tí wọ́n gbà gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì àti dókítà lónìí yìí, nítorí pé ó sábà máa ń ní ohun tó fà á tí a lè tọ́jú: àkóràn nínú ìtọ̀ tàbí nínú ẹ̀dọ̀fóró, àìtó omi lára, ìgbẹ́ tí kò jáde, oògùn tí kò bá wọn lára mu, tàbí ìrora tí wọn kò sọ.

Ìrora yìí ṣe pàtàkì sí mi. Bí a bá bi àwọn àgbàlagbà wa pé ara ńkọ́, wọn yóò ní àwọn dúpẹ́, bí eegun tilẹ̀ ń ro wọ́n gidigidi. Nítorí náà, nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ yóò jókòó tì wọ́n, yóò béèrè bóyá ìrora náà ń jẹ́ kí wọ́n sùn, àti bóyá ó ń pọ̀ sí i nígbà tí wọ́n bá yí ẹ̀gbẹ́ padà, yóò sì máa wo ojú wọn bí wọ́n ṣe ń dáhùn. Yóò sọ ibi tí wọ́n wà fún wọn, àti ohun tí òun fẹ́ ṣe, kí ó tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ sọ orúkọ tí wọ́n ń pe màmá nílé fún àwọn nọ́ọ̀sì, kí ẹ fi oríkì wọn kún un, nítorí mo ti rí i tí oríkì nìkan mú kí ìyá àgbà tó ń jà gba kí a tọ́jú òun. Ẹ gbé jígí ojú wọn wá pẹ̀lú, nítorí ẹni tí kò ríran dáadáa yóò rí òjìji bí ènìyàn.

Ní ti ìṣubú, ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń bẹ̀ wá pé kí a gbé irin ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì sókè yíká. Ẹni tí iyè rẹ̀ dàrú lè gun irin náà kọjá, kí ó sì já láti ibi tó ga jù. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí bẹ́ẹ̀dì lọ sílẹ̀ tán, kí táyà ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì wà ní títì, kí iná kékeré tàn, kí a sì gbé abọ́ ìgbọ̀nsẹ̀ fún wọn ní wákàtí tí a ti dá, pẹ̀lú aṣọ ìkélé ní títa, nítorí ìtọ̀ ló ń lé ọ̀pọ̀ wọn dìde. N kò fara mọ́ dídè wọ́n lọ́wọ́ rárá. Ó ń dá kún ẹ̀rù wọn ni.

Nọ́ọ̀sì kan tàbí méjì ló ń tọ́jú odidi wọ́ọ̀dù lóru ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa. Bí wọ́n bá gbà yín láyè, kí ẹnì kan tí màmá mọ̀ dáadáa sùn tì wọ́n, kì í ṣe agbo ẹbí. Kí ó fọ ọwọ́, kí ó kó báàgì àti kúlà kúrò lójú ọ̀nà, kí ó má jẹ́ kí ìró màmá máa wọ́ nílẹ̀, kí ó má sì fún wọn ní àgbo tàbí oògùn oorun ní bòókẹ́lẹ́, nítorí oògùn oorun lè mú kí iyè wọn túbọ̀ dàrú.

Bí màmá bá wá dákẹ́ jù, tí wọ́n ń sùn ṣáá, tí jíjí sì di ìṣòro, ẹ má rò pé ara wọn ti balẹ̀. Ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ ọ̀gànjọ́.