Camry “Muscle” mi ń mu ọ́ìlì: ṣé kí n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Kubwa ni mò ń gbé, Wuse ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Camry 2008 ni mò ń wà, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní “Muscle”, onípístìnì mẹ́rin. Tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ni mo rà á, ó ti pé ọdún mẹ́ta. Tí mo bá pààrọ̀ ọ́ìlì, oṣù kan kì í pé tí iná ọ́ìlì á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú nígbà tí mo bá tẹ bíréèkì lójijì. N kì í rí ọ́ìlì nílẹ̀ níbi tí mò ń gbé e sí, n kì í sì í rí èéfín lẹ́yìn ọkọ̀. Mẹkáníìkì mi ní kí n máa lo 20W-50. Nígbà tí ìyẹn ò ràn án, ó ní kí n lọ ra ẹ́ńjìnnì Bẹ́ljíọ̀mù ní Àpò. Owó ọ̀hún ò kéré rárá. Kí lẹ rí sí i?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì lọ sí Àpò. Tí ẹ bá lọ lónìí, ó ṣeé ṣe kí ẹ fi owó yín ra àìsàn kan náà wálé.

2AZ-FE ni Toyota ń pe ẹ́ńjìnnì tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì yín. Pístìnì mẹ́rin, fáàfù 16, 2,362 cc, òun la ń pè ní 2.4. Ihò sìlíńdà rẹ̀ fẹ̀ tó 88.5 mm, pístìnì ń rin 96 mm láti òkè dé ìsàlẹ̀, agbára rẹ̀ nínú Camry yín sì jẹ́ ti ẹṣin 158. Aluminíọ̀mù ni bílọ́ọ̀kù rẹ̀, irin tín-ín-rín ni wọ́n fi tẹ́ inú sìlíńdà. Ṣéènì ló ń yí káámù (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù), kì í ṣe bẹ́líìtì. Ẹni tó bá ní kí ẹ wá pààrọ̀ táímìn bẹ́líìtì fún un, ẹ kí i pé ó dàbọ̀, kí ẹ gbé ọkọ̀ yín lọ.

Ẹ́ńjìnnì yìí náà ló wà nínú Camry 2002 sí 2006 tí a ń pè ní “Big for Nothing”, ó sì wà nínú Highlander àti RAV4 ìgbà yẹn. Orúkọ wọn dọ́gba, àìsàn wọn ò dọ́gba. Mo máa padà síbẹ̀.

Ríngì mẹ́ta ló wà lára pístìnì kọ̀ọ̀kan. Méjì tó wà lókè ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ sá lọ. Ẹ̀kẹta, tí í ṣe ríngì ọ́ìlì, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa nu ọ́ìlì kúrò lára ògiri sìlíńdà, kí ọ́ìlì náà gba àwọn ihò wẹ́wẹ́ inú pístìnì padà sísàlẹ̀. Nínú àwọn Camry 2007 sí 2009, ibi tí wọ́n ti ṣe àṣìṣe nìyẹn. Ihò wọ̀nyẹn tètè ń dí. Ọ́ìlì tó bá há síbẹ̀ á jóná, á di èédú, èédú á mú ríngì mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí ìpẹtà bá mú kọ́kọ́rọ́. Ríngì tí kò lè yí mọ́ ò lè nu nǹkan kan. Ọ́ìlì tó ṣẹ́ kù lára ògiri á wá bá bẹntiróò jóná.

Àwọn Toyota fúnra wọn gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Ní 2011 wọ́n kọ̀wé sí àwọn tó ń tún ọkọ̀ wọn ṣe ní Amẹ́ríkà pé ọkọ̀ tó bá ń mu tó lítà kan láàárín máìlì 1,200, kí wọ́n pààrọ̀ pístìnì àti ríngì rẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ wá ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn tó ni ọkọ̀ náà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà yẹn ti kọjá, kò sì kan àwa tí a ra tiwa ní tòkunbọ̀. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ ni pé kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ba ọkọ̀ jẹ́.

Ẹ ní ẹ kì í rí èéfín. Kátálíìsì tó wà lára sáílẹ́ńsà ló ń jó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ kó tó jáde. Àwọn Muscle tí wọ́n ti yọ kátálíìsì wọn tà, ẹ wo ẹ̀yìn wọn lọ́nà Nyanya ní ìdájí, ẹ máa rí èéfín búlúù. Tiyín ṣì ní kátálíìsì, ẹ dúpẹ́, àmọ́ ọ́ìlì yẹn ń pa òun náà díẹ̀díẹ̀. Tí iná ẹ́ńjìnnì bá tàn tí kọ̀ǹpútà sì kọ P0420 (àmì pé kátálíìsì ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́), ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá.

Ohun kan wà tó máa ń tan àwa mẹkáníìkì jẹ. A á ti gééjì kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n bọ ihò plọ́ọ̀gì, a á rí i pé sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, wọ́n sì lágbára. A á ní “ríngì ò ní nǹkan kan”, a á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ibòmíràn. Ríngì òkè méjì ni gééjì yẹn ń dán wò. Ríngì ọ́ìlì lè ti kú pátápátá kí kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n ṣì pé pérépéré.

Ní ti 20W-50, mi ò fara mọ́ ọn. Ọ́ìlì tó nípọn lè dín mímu kù díẹ̀ fún ìgbà kúkúrú, ṣùgbọ́n agbára ọ́ìlì ló ń ti VVT-i (ẹ̀rọ tó ń yí àkókò tí fáàfù ń ṣí padà), òun náà ló ń fa ṣéènì kó le. Ihò tí wọ́n ń gbà kéré. Tí ẹ bá fi ọ́ìlì tó nípọn bíi ti tírélà síbẹ̀, ní òwúrọ̀ ọyẹ́, ẹ máa gbọ́ bí ṣéènì ṣe máa ké kí ọ́ìlì tó dé òkè. 5W-30 tó jẹ́ ojúlówó ni mo máa ń fi sí i.

Nǹkan mìíràn tún wà tí mi ò rò pé ẹnikẹ́ni ti sọ fún yín. Ẹ́ńjìnnì Muscle onípístìnì mẹ́rin ń gba lítà 4.3 tí a bá pààrọ̀ fílítà pẹ̀lú rẹ̀. Ti “Big for Nothing”, 3.8 ni. Gálọ́ọ̀nù ọlọ́lítà mẹ́rin ni wọ́n ń tà lọ́jà, mẹkáníìkì á da gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, á ju ike nù, á ní ó ti tó. Láti ọjọ́ tí ẹ ti pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ ti ń wà á pẹ̀lú ọ́ìlì tó dín.

Iná tó ń ṣẹ́jú nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì ló bà mí lẹ́rù jù. Iná yẹn kì í sọ pé ọ́ìlì dín, agbára ọ́ìlì ló ń wò. Kó tó tàn, ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀ débi pé páńpù ń fa afẹ́fẹ́ nígbà tí ọ́ìlì bá sún síwájú nínú agbada rẹ̀. Bíárín ló ń jẹ ìyà yẹn. Ẹ má jẹ́ kó ṣẹ́jú mọ́, láti òní lọ.

Torí náà, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ wọ̀n ọ́n. Ní òwúrọ̀, kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́, ẹ fi ọ́ìlì kún un títí yóò fi kan àmì òkè lára ọ̀pá gééjì ọ́ìlì. Ẹ kọ iye máìlì tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù sílẹ̀. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà ni tiyín, máìlì ló ń kà, ẹ má ṣì í pè ní kìlómítà. Ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, ẹ fi ọ́ìlì kún un padà dé àmì òkè, láti inú ìgò ọlọ́lítà kan tí ẹ ti fàlà sí lára, kí ẹ lè mọ iye tó wọlé. Ẹ ṣe é títí máìlì 1,200 yóò fi pé.

Láàárín ìgbà náà, ẹ ní kí wọ́n wo PCV fáàfù, èyí tó ń fa èéfín inú ẹ́ńjìnnì padà lọ jóná. Nǹkan kékeré ni, kò wọ́n. Tí wọ́n bá yọ ọ́, tí wọ́n mì í, tí kò dún ṣẹkẹṣẹkẹ, ó ti dí, ẹ ra tuntun. Kí wọ́n wo ara kọ́fà fáàfù àti ibi tí tẹ́ńṣọ́nà (ohun tó ń fa ṣéènì kó le) jókòó sí bóyá ọ́ìlì ń sun níbẹ̀. Ọ́ìlì tó ń jò sára ẹ́ńjìnnì gbígbóná lè gbẹ kó tó kan ilẹ̀.

Tó bá jẹ́ lítà kan tàbí kó dín ló mu ní máìlì 1,200, èmi ò ní ṣí i. Màá máa fi kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, màá sì gbé lítà kan sínú búùtù. Ẹ tún rántí pé ọ̀nà Kubwa sí Wuse kì í ṣe eré, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ni. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, máìlì ò lọ. Ẹ tètè máa pààrọ̀ ọ́ìlì yín, ẹ má dúró de iye máìlì tí wọ́n kọ sára ike.

Tó bá jẹ́ lítà kan ní 600 máìlì tàbí kó burú jù bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí i. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: pístìnì àti ríngì, kì í ṣe ríngì nìkan. Ẹni iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Mo ti ṣe ríngì nìkan rí fún ẹnì kan ní Lugbe torí kí owó má bàa pọ̀. Mo fọ pístìnì àtijọ́, mo ha èédú rẹ̀ kúrò, mo dá a padà. Kò pé ọdún kan tí ọkọ̀ fi padà wá, ó ń mu ọ́ìlì bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ihò inú pístìnì àtijọ́ ṣì jẹ́ ihò àtijọ́, ó tún dí. Èmi ni mo ru owó iṣẹ́ kejì. Pístìnì tí Toyota tún ṣe lẹ́yìn náà ni kí ẹ béèrè. Kí wọ́n pààrọ̀ síìlì fáàfù àti gáásìkẹ́ẹ̀tì orí pẹ̀lú rẹ̀, kí wọ́n sì wo ṣéènì níwọ̀n ìgbà tí ibẹ̀ ti ṣí. Tẹ́nì kan bá ní kí ẹ lọ ríbọ́ọ̀ bílọ́ọ̀kù, ìyẹn kí wọ́n gbẹ́ ihò sìlíńdà kó fẹ̀ sí i, ẹ bi í bóyá ó mọ bí irin inú rẹ̀ ṣe tín-ín-rín tó.

Ẹ́ńjìnnì Bẹ́ljíọ̀mù ńkọ́? Èyí tí wọ́n bá yọ lára Camry 2007 sí 2009, pístìnì kan náà ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń tà á á sítáàtì rẹ̀ níwájú yín, á dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kò sì purọ́: ọ́ìlì mímu kì í hàn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Muscle 2010 àti 2011, 2AR-FE ni, 2.5, ẹ́ńjìnnì mìíràn pátápátá, kì í ṣe ohun tí a kàn ń gbé bọ ibi tí tiyín wà. Tí wọ́n bá fi ti “Big for Nothing” lọ̀ yín, ìyẹn kì í sábà mu ọ́ìlì bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tírẹ́ẹ̀dì tí bóòtì orí rẹ̀ níhà ẹ̀yìn ń lọ́ mọ́ máa ń fà yọ nínú bílọ́ọ̀kù, omi á máa jò lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ á máa gbóná. Wọ́n lè fi tírẹ́ẹ̀dì irin tuntun síbẹ̀ kó sì dúró, àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ iṣẹ́.

Bíárín nìkan ló lè mú mi yí ohùn padà. Tí ẹ bá ń gbọ́ kọ̀, kọ̀, kọ̀ láti ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì nígbà tí ẹ bá fún un lépo, a jẹ́ pé iná tó ń ṣẹ́jú yẹn ti ṣe ọṣẹ́ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì mìíràn lè wá dín owó kù. Tó bá débẹ̀, ẹ gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì yí nọ́ńbà náà padà lórí ìwé ọkọ̀ yín.

Ẹ wọ̀n ọ́n ná. Tí 1,200 bá pé, ẹ kọ iye tó mu ránṣẹ́ sí mi.