Agbádá Ọkọ Ìyàwó Tí Yóò Dọ̀bálẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá aránṣọ. Olùkọ́ ni mí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, ní ilẹ̀ Benin, ọmọ ọdún 31 sì ni mí. Ìdána mi ku oṣù mẹ́ta ní Kétu, nílé àwọn òbí ìyàwó mi. Mo kúrú, mo sì tẹ́ẹ́rẹ́. Àbúrò bàbá mi, tí ó dúró bí bàbá fún mi láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, fẹ́ kí n wọ agbádá léèsì òun, èyí tí ó fi ṣe ìgbéyàwó tirẹ̀. Nígbà tí mo wọ̀ ọ́ wò, ó bò mí mọ́lẹ̀, ọrùn rẹ̀ sì ń yọ̀ kúrò léjìká mi ṣáá. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n kúkú wọ kóòtù. Kí ni kí n ṣe, kí ojú má baà tì mí níwájú àwọn àna mi?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, mo kí ọ kú ìmúra, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí á ṣe é ní àṣeyọrí. Ohun tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn kí a tó dé orí yáàdì àti àwọ̀ ni pé aṣọ ìdána yàtọ̀ sí aṣọ àríyá. Ẹni tí ó bá lọ sí òde àríyá yóò jókòó, yóò dìde, yóò jó, yóò sì padà sílé. Ọkọ ìyàwó ní tirẹ̀ yóò dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, yóò fi àyà kan ẹní, yóò dìde, yóò tún dọ̀bálẹ̀ fún ẹbí bàbá ìyàwó, yóò tún dọ̀bálẹ̀ fún ẹbí ìyá rẹ̀, ojú gbogbo èrò yóò sì wà lára rẹ̀ ní gbogbo àkókò náà. Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi ń yan aṣọ fún ọkọ ìyàwó nínú ṣọ́ọ̀bù mi, òun náà ni mo sì fi ń gé e: ṣé ẹni tí ó wọ̀ ọ́ lè dọ̀bálẹ̀ nínú rẹ̀, kí ó sì dìde láìjẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ń wá aṣọ kiri lára?

Ojú ti mí kí n tó kọ́ ọgbọ́n yìí. Ní ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo rán ṣòkòtò fún ọkọ ìyàwó kan, mo sì gé e mọ́ ọn lára nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ń fẹ́ ẹ nígbà náà. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìdána rẹ̀. Bí ó ti dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì ni mo gbọ́ ìró tí aránṣọ kì í gbọ́ kí ó má mọ̀ ọ́n. Ojú ìrán abẹ́ ṣòkòtò náà ti tú. Títí ilẹ̀ fi ṣú ni ọmọkùnrin náà fi jókòó, tí ó fi agbádá bo itan, tí kò lè jó pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, èmi ni mo sì fà á. Láti ọjọ́ náà, ìrán méjì ni mo ń ṣe sí abẹ́ ṣòkòtò ọkọ ìyàwó, mo sì ń fi aṣọ kún ibẹ̀ àti ní orúnkún, kódà bí ó bá jẹ́ ṣòkòtò sọọrọ tí ẹnu ẹsẹ̀ rẹ̀ fún.

Ní ti kóòtù tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń sọ, n kò kórìíra rẹ̀, mo máa ń rán an. Ní ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ fọwọ́ síwèé ní mẹ́rì, ilé ìjọba ìlú, wọ kóòtù rẹ, kí o so táì rẹ, kò sí ẹni tí yóò bá ọ wí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó nàró ni wọ́n gé kóòtù fún. Bí o bá na ọwọ́ méjèèjì síwájú láti gbé ara rẹ sílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fún ọ, èjìká rẹ̀ yóò sì gòkè lọ bá etí. Yàtọ̀ sí èyí, agbádá ni púpọ̀ nínú àwọn àgbà tí yóò jókòó ní Kétu lọ́jọ́ náà yóò wọ̀, bí ìwọ nìkan bá sì wọ kóòtù láàárín wọn, o óò dà bí àlejò tí ó ṣi ilé yà.

Agbádá àbúrò bàbá rẹ ni ó gba àròjinlẹ̀. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ pé ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò bá fúnni lẹ́sẹ̀, a máa ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí ọrùn rẹ̀ fi ń yọ̀. Agbádá kò ní bẹ́líìtì, kò ní bọ́tìnì. Orí èjìká méjèèjì nìkan ni ó sinmi lé. Bí ojú ọrùn rẹ̀ bá fẹ̀ ju ìdí ọrùn ẹni tí ó wọ̀ ọ́ lọ, yóò máa wá ẹ̀gbẹ́ tí yóò wó sí, ìwúwo apá ọ̀tún tàbí apá òsì ni yóò sì pinnu ibi tí ó ń lọ. Iwájú náà tún wà níbẹ̀: ọnà tí wọ́n ṣe sí àyà, àpò ńlá, àti aṣọ líle tí a ń tẹ́ sí abẹ́ ọnà náà kí ó lè dúró, gbogbo wọn ni ó ń fa agbádá síwájú. Aránṣọ tí ó mọ iṣẹ́ a máa gé ọrùn kí ó jìn níwájú ju ẹ̀yìn lọ, kí ìwúwo yẹn má baà fa ẹ̀yìn aṣọ gun ẹni lọ́rùn.

Mo lè gé ẹ̀gbẹ́ agbádá rẹ̀ kúrò, mo sì lè ká ìṣẹ́tí rẹ̀ sókè. Ohun tí n kò lè ṣe ni kí n fún ọrùn rẹ̀, nítorí pé ọnà ti yí i ká, bí mo bá sì fún un, ọnà náà yóò wọ́, gbogbo ènìyàn yóò sì rí i pé wọ́n ti tún aṣọ náà ṣe. Aṣọ tí ọkùnrin fi gbé ìyàwó rẹ̀ kò yẹ kí á fi sísọ́ọ̀sì kàn lásán. Nítorí náà, rán tìrẹ ní tuntun.

Bí o ṣe máa sọ ọ́ fún un ṣe pàtàkì tó aṣọ náà fúnra rẹ̀. Má ṣe sọ ọ́ lórí fóònù, má sì rán ẹnikẹ́ni sí i. Ká agbádá náà dáadáa, gbé e dání lọ sílé rẹ̀, dọ̀bálẹ̀, kí o sì sọ fún un pé: “Bàbá, mo dúpẹ́. Aránṣọ ní bí òun bá gé e, ọnà ọrùn rẹ̀ yóò bàjẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ni kí ẹ wọ̀ ọ́ ṣíwájú mi lọ sí Kétu.” Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà, bẹ̀ ẹ́ kí ó bá ọ yan àwọ̀ aṣọ tuntun. Mo ti rí àgbà tí inú rẹ̀ bàjẹ́ nítorí pé wọ́n dá aṣọ rẹ̀ padà láìsọ nǹkan kan. N kò tíì rí èyí tí ó bínú nígbà tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣíwájú.

Wàyí o, irú aṣọ wo? Aṣọ òkè ní iyì tirẹ̀, àwa náà sì gbà pé sányán ni bàbá aṣọ. Bí agbára rẹ bá ká sányán tàbí ẹtù tí wọ́n hun fẹ́lẹ́, kò sí ohun tí ó dára jù ú lọ. Ṣùgbọ́n aṣọ òkè tí ó nípọn máa ń mú ẹni kúkúrú tóbi níbùú, ó sì ń wúwo fún ẹni tí ó tẹ́ẹ́rẹ́. Gíní ni mo máa ń mú fún irú rẹ, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa níhìn-ín ń pè ní bazin, nítorí pé bí o bá ká a sí èjìká, yóò dúró níbi tí o ká a sí. Léèsì kì í dúró bẹ́ẹ̀, ihò ara rẹ̀ sì máa ń kọ́ aago ọwọ́. Sọ fún alágbàfọ̀ kí ó má fi sítáàṣì pupọ̀ sí i, torí pé aṣọ tí ó le bí páálí kì í tẹ̀ bí a bá dọ̀bálẹ̀, ńṣe ni ó máa ń dìde lẹ́yìn ẹni bí àgọ́.

Bí aṣọ náà kò bá fẹ̀ níbùú, yáàdì 10 ni a sábà máa ń rà fún agbádá, bùbá, ṣòkòtò àti fìlà; fún ìwọ, yáàdì 8 lè tó, ṣùgbọ́n jẹ́ kí aránṣọ wọn ìbú rẹ̀ kí ó tó gé e. Yáàdì 6 àti yáàdì 12 ni àwọn tí ń ta àǹkárá fi ń ṣírò, nítorí náà bí o bá yí èrò padà sí àǹkárá ní ọjà Wàndó, má ṣe gbà kí wọ́n sọ fún ọ pé 6 yóò tó fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Àwọ̀ ńkọ́? Ilẹ̀ Kétu pupa. Bí wọ́n tilẹ̀ tẹ́ ẹní, ẹsẹ̀ àwọn èrò yóò ti gbé erùpẹ̀ pupa náà wọlé. Mo ti rí agbádá funfun tí ó dìde láti orí ẹní pẹ̀lú àmì pupa ní àyà àti orúnkún méjèèjì, tí àwòrán ọjọ́ náà sì gbé e pamọ́ títí láé. Mú àwọ̀ aró, tàbí àwọ̀ sányán tí ó jọ erùpẹ̀ gbígbẹ, kí okùn ọnà rẹ̀ sì bá a tan, kí ó kàn ṣókùnkùn díẹ̀ jù ú lọ. Ẹni tí kò ga kò nílò ọnà ńlá tí ó gba gbogbo àyà. Èyí tí ó gùn sísàlẹ̀, tí kò sì fẹ̀, ni ó máa ń fi ẹni hàn bí ẹni tí ó ga. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n lẹ òkúta dídán mọ́ ọn, torí pé orí wọn ni o máa dùbúlẹ̀ lé.

Nípa gígé rẹ̀, sọ fún aránṣọ rẹ pé kí ìbú agbádá rẹ parí ní ọrùn ọwọ́ bí o bá na apá méjèèjì, kí ó má dé orí ìka. Kí gígùn rẹ̀ kọjá orúnkún, kí ó sì dúró ní ààbọ̀ ojúgun. Ìka méjì péré ni ó yẹ kí ó wọ àárín ọrùn rẹ àti etí ọrùn agbádá náà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Fún ẹni tí èjìká rẹ̀ bá sọ̀ kalẹ̀, mo máa ń fi okùn kékeré àti bọ́tìnì sí abẹ́ èjìká agbádá, kí á lè so ó mọ́ bùbá nínú, ẹnikẹ́ni kò sì ní rí i.

Bàtà tí kò ní okùn ni kí o wọ̀, torí pé o óò bọ́ ọ kí o tó dé orí ẹní, kí o sì yẹ ìbọ̀sẹ̀ rẹ wò nílé: ẹni tí ó dọ̀bálẹ̀ ti kọ àtẹ́lẹsẹ̀ sí gbogbo àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Má ṣe wọ agbádá nínú mọ́tò. Bùbá àti ṣòkòtò ni kí o wọ̀ láti Àjàṣẹ́, kí o fi agbádá kọ́, kí o wọ̀ ọ́ bí ẹ bá dé Kétu. Bí ẹ bá fẹ́ lọ ya àwòrán ní Àkábà Ìdénà, ẹnubodè àtijọ́ Kétu, ẹ lọ lẹ́yìn ìdána, kì í ṣe kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ àwọn àna.

Béèrè lọ́wọ́ alárenà yín ẹni tí ẹ máa kọ́kọ́ kí àti iye ìgbà tí ẹ máa dọ̀bálẹ̀, nítorí pé ilé kọ̀ọ̀kan ni ó ní ètò tirẹ̀. Yọ fóònù àti kọ́kọ́rọ́ kúrò nínú àpò àyà rẹ. Bí wọ́n bá pè yín, ṣí fìlà, mú un dání lọ́wọ́ ọ̀tún, sọ apá agbádá méjèèjì kalẹ̀ láti èjìká kí wọ́n má baà dì ọ́ lọ́wọ́, kí o sì lọ sílẹ̀ wọ̀ọ̀. Má ṣe dìde títí wọn yóò fi ní kí o dìde. Àdúrà lè gùn, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti máa ń wo sùúrù ọmọkùnrin. Bí o bá dìde, dúró tán kí o tó ká agbádá padà, apá ọ̀tún ṣáájú, òsì tẹ̀ lé e, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Kò sí ọ̀nà mìíràn láti mọ èyí ju kí o ṣe é. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà, bí o bá lọ dán aṣọ náà wò, tẹ́ ẹní sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, kí o dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójú aránṣọ rẹ. Níbẹ̀ ni yóò ti rí ibi tí ó ń fà. Kí ó sì wọn orí rẹ dáadáa fún fìlà, kí ó fi ìka kan sílẹ̀ nínú rẹ̀, torí pé ìyàwó rẹ ni yóò dé e fún ọ lọ́jọ́ náà níwájú gbogbo ẹbí, ọwọ́ rẹ̀ sì lè máa gbọ̀n. Bí ó bá dé iwájú rẹ, rẹ orí sílẹ̀ fún un, kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó o.