Etí ni kó kọ́kọ́ mọ̀

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè láìfi bò. Ẹ ní ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́ fíìmù abanilẹ́rù yín kò ṣaláìní nǹkan kan: kámẹ́rà ń gbọ̀n, orin ń ké, ojú ẹlẹ́jẹ̀ sì yọ lójijì, síbẹ̀ ẹ̀rín ni àwọn tó wò ó ń rín, ẹ sì fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Mo ti jẹ irú ìyà yẹn rí. Fíìmù kúkúrú tí mo kọ́kọ́ ṣe, oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ṣe é. Lọ́jọ́ tí a fi han bí ogójì ènìyàn, ibi tí mo rò pé àyà wọn máa já gan-an ni ẹnì kan ti sín, ni gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Àṣìṣe mi ni pé mi ò mọ ìyàtọ̀ láàárín kí ènìyàn ta gìrì àti kí jìnnìjìnnì bò ó. Bí mo bá sá pamọ́ sẹ́yìn ìlẹ̀kùn tí mo sì pariwo mọ́ yín, ẹ máa ta gìrì. Ara ló ṣe é, ọkàn ò bá wọn dá sí i. Kò pẹ́ tó fi máa tán, bí mo bá sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta, èébú ni ẹ máa fi ṣe mí. Jìnnìjìnnì kì í fò mọ́ni bẹ́ẹ̀. Wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ló ń wọlé, kì í sì í tètè jáde. Òun ni ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù wà fún. Ti gìrì yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ti tó, bí ó bá tiẹ̀ pọn dandan.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí ìtìjú ti rọlẹ̀, mo ṣí iṣẹ́ náà lórí kọ̀ǹpútà. Mo pa gbogbo ohùn, mo wo àwòrán lásán. Obìnrin kan ń rìn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wá pa àwòrán, mo gbọ́ ohùn nìkan. Orin láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò síbi tó ti mí. Ibẹ̀ lojú mi ti là: ohun kan náà ni ojú àti etí ń sọ lásìkò kan náà. Kámẹ́rà ń gbọ̀n pé kí ẹ bẹ̀rù, orin ń ké pé kí ẹ bẹ̀rù. Ẹni tí wọ́n bá ń pàṣẹ ẹ̀rù fún báyìí, ó máa kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí wọ́n ń dà á láàmú.

Nígbà kejì, mo pín iṣẹ́ fún wọn. Etí ni mo ní kó kọ́kọ́ mọ̀, kí ojú sì máa wá ohun tí etí ti gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ṣe é, torí ohun tó kọ́ mi jù nìyẹn.

Mo gbé kámẹ́rà lé orí ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ dé ìbàdí, mo fi í sí ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Obìnrin yẹn kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń ká aṣọ. Mo gbé e sí apá òsì àwòrán, mo fi gbogbo apá ọ̀tún sílẹ̀ lófìfo, ìlẹ̀kùn kan tó ṣí díẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú àáyá, mi ò gé e. Ẹni tó bá ń wo àyè tó ṣófo fún irú àkókò bẹ́ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fúnra rẹ̀ fi nǹkan sínú rẹ̀.

Lábẹ́ àwòrán yìí, fíríìjì ló ń kùn, hùnnn, kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. Láàárín ogún ìṣẹ́jú àáyá, etí ti gbàgbé pé ó ń gbọ́ ọ. Ni fíríìjì bá dákẹ́. Kò sí ohun tó yí padà nínú àwòrán o, obìnrin yẹn ṣì ń ká aṣọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ tó balẹ̀ yẹn, ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan wọlé. Lẹ́yìn náà ni pákó ilẹ̀ ní kẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré, láti ẹ̀gbẹ́ tí kámẹ́rà kò kọjú sí. Obìnrin náà gbórí sókè. Kámẹ́rà ò yí. Mo kọ̀ láti yí i. Èmi fúnra mi tí mo mọ̀ pé ọ̀rẹ́ mi ló fẹsẹ̀ tẹ pákó yẹn, ara mi bù máṣọ nígbà tí mo ń tò ó pọ̀. Àwọn àgbà ní etí tí kò gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Tiwa nínú iṣẹ́ yìí, inú wọn gan-an la fẹ́ bà jẹ́, nítorí náà yìnkìn ni kí ẹ fún wọn, ẹ má fún wọn ní odidi ìròyìn.

Nígbà tí a fi ẹ̀dà kejì han àwọn ènìyàn, obìnrin kan níwájú mi yíjú wo ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn òun fúnra rẹ̀.

Ní ti kámẹ́rà tó ń gbọ̀n, bí kò bá jẹ́ ojú ẹnì kan nínú ìtàn la fi ń wò ó, ẹ̀rù tó ń ba ẹni tó ń ya fíìmù nìkan ló ń fi hàn. Ẹ bi ara yín léèrè pé ojú ta nìyí? Ní ìbẹ̀rẹ̀ Halloween, fíìmù John Carpenter ti 1978, ojú apànìyàn ni kámẹ́rà. Ó yí ilé po, ó wọlé, ó gòkè. Nígbà tó da ìbòjú bojú, inú ihò ojú méjì la wá ń wò, a sì ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Èémí yẹn sún mọ́ etí ju ẹnikẹ́ni tó wà nínú àwòrán lọ. Ìgbà tí wọ́n ṣí ìbòjú kúrò la tó rí i pé ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Carpenter sọ pé òun fi fíìmù náà han òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ fíìmù kan kí orin tó wọ inú rẹ̀, ẹ̀rù ò bà á rárá. Òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ orin náà.

Ẹ tún wo ìbẹ̀rẹ̀ The Shining, fíìmù abanilẹ́rù ti 1980. Hẹlikópítà ń tẹ̀ lé ọkọ̀ kékeré kan lójú ọ̀nà orí òkè. Ojú ọjọ́ mọ́, òkè dára, kò sí ẹni tó ń ṣe ibi. Ṣùgbọ́n orin tí Wendy Carlos àti Rachel Elkind fi sábẹ́ rẹ̀, inú Dies Irae ni wọ́n ti fà á yọ, orin àtijọ́ tí ìjọ Kátólíìkì máa ń kọ fún òkú tẹ́lẹ̀. Ojú ń wo ìrìnàjò, etí ń gbọ́ ìsìnkú. Ìdí nìyẹn tí ara kì í fi í balẹ̀ níbẹ̀, bí ènìyàn ò tiẹ̀ mọ orúkọ orin náà.

Ọ̀fìn kan tún wà tí mo jìn sí. Mo fi ohùn kan tó ń kùn nísàlẹ̀ pátápátá sínú iṣẹ́ àkọ́kọ́, bíi 35 Hz, ìyẹn ni pé ó ń gbọ̀n ní ìgbà márùndínlógójì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú hẹ́dífóònù mi, ó ń mi àyà. Níbi tí a ti wò ó, sípíkà kéékèèké ni wọ́n ní, kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan. Sípíkà fóònù burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò lágbára láti ti irú ohùn bẹ́ẹ̀ jáde. Nísinsìnyí, bí mo bá lo 35, mo máa ń fi 70, 105 àti 140 lé e lórí díẹ̀díẹ̀. Ọpọlọ fúnra rẹ̀ á ro ìsàlẹ̀ tó kù mọ́ ọn. Ẹ gbọ́ iṣẹ́ yín lórí fóònù kí ẹ tó fi han ẹnikẹ́ni.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ìdákẹ́jẹ́ tí kò ní nǹkan kan nínú rárá. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àwọn tó ń wò ó rò pé sípíkà ti bàjẹ́, ni wọ́n bá ń wẹ̀yìn. Bí ẹ bá ti ya àwòrán tán, kí gbogbo yín dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan láìmira, kí máìkì máa gba ohùn yàrá náà. Òun ni kí ẹ tẹ́ sábẹ́ ìdákẹ́jẹ́ yín. Kí ohùn ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ sì wà nísàlẹ̀. Bí orin bá ti kún dé ẹnu láti ìbẹ̀rẹ̀, ibo ni ẹ fẹ́ gbé e gbà tí ìlẹ̀kùn bá dún?

Ojú ẹlẹ́jẹ̀ yẹn ńkọ́? Ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹni tó kun ojú náà ṣiṣẹ́, yóò sì dùn ún. Tèmi náà wà nínú fọ́dà kan lórí kọ̀ǹpútà mi títí dòní, èmi nìkan ni mo máa ń ṣí i wò.