Ẹ Bi Wá: Igbó Ìjọba àti Pápá Ìjẹko, Ta Ni Yóò Padà Débẹ̀ Lọ́dún Kejì?

Lẹ́tà tó dé ọwọ́ wa lórí bí aráàlú àti ìjọba ṣe lè jọ tún igbó àti pápá ìjẹko ṣe pọ̀ ju ojú ìwé wa lọ. A mú mẹ́fà, a sì gé àwọn tó gùn kúrú.

Ẹ̀yin olótùú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ wa fẹ́ tún igbó ìjọba kan tó wà nítòsí wa ṣe. Ọ̀gá tó ń mójú tó igbó náà ti gbà fún wa lẹ́nu, ó ní ká máa bọ̀. Ṣé ká bẹ̀rẹ̀, àbí ìwé kan wà tó yẹ ká kọ́kọ́ gbà? — Akọ̀wé ẹgbẹ́

Ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lè gbé ọ̀gá yẹn lọ síbòmíràn lóṣù tó ń bọ̀, ẹni tó bá sì bọ́ sípò rẹ̀ kò ní mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ lórí ìdúró. Iléeṣẹ́ tó ni igbó náà ni kó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, kì í ṣe òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo. Kí àwòrán ilẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà GPS igun kọ̀ọ̀kan. Kó sọ iṣẹ́ tó kàn yín àti èyí tó kan ìjọba, iye ọdún tí àdéhùn máa lò, ẹni tó máa sanwó ìtọ́jú bí ẹnì kan bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, àti bí ẹni tó bá fẹ́ yọwọ́ ṣe máa yọ ọ́.

Ibi méjì ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti máa ń lọ́ tìkọ̀. Èkíní ni ẹni tó ni ohun tó bá jáde nínú igbó: igi gẹdú, igi ìdáná, oyin, koríko. Ní Arabari, ní ìpínlẹ̀ West Bengal ní Íńdíà, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ṣèlérí fún àwọn ará abúlé pé bí wọ́n bá bá ìjọba ṣọ́ igbó igi sal, ìdá 25 nínú 100 owó tí wọ́n bá pa lórí rẹ̀ yóò jẹ́ tiwọn. Igbó tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ku kùkùté nìkan padà hù. Nígbà tó di ọdún 1990, ìjọba àpapọ̀ Íńdíà kọ̀wé sí àwọn ìpínlẹ̀ pé kí wọ́n máa bá ará abúlé ṣe irú rẹ̀. Òfin igbó Nepal ti ọdún 1993 tún lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ: ilẹ̀ ṣì jẹ́ ti ìjọba, àmọ́ ẹgbẹ́ tó bá ní ètò iṣẹ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ló ń ta ohun tó bá ti inú igbó jáde, òun náà ló sì ń náwó rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àdéhùn kan wà tí wọ́n fi ń yọ iye owó igi tí ẹ bá gé kúrò nínú owó iṣẹ́ àtúnṣe tí ẹ ṣe. Ọdún 2014 ni òfin sọ ọ́ di ohun tí kò ní gbèdéke mọ́, òfin kan náà yẹn ló sì gba àwọn ìpínlẹ̀ gbogbo láyè láti wọ igbó ìjọba àpapọ̀ lọ ṣiṣẹ́ àtúnṣe. Ẹ béèrè èyí tí òfin tiyín gbà kí ẹ tó kọ ìlà kan sílẹ̀.

Èkejì ni ọdún kejì. Lọ́jọ́ ìgbìn, gbogbo èèyàn ló máa ń wá, tàwọn ti fìlà tí wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí lára. Ẹni tó máa ro ìdí igi lóṣù kẹrìnlá ni kí ẹ kọ sínú ìwé, kí ẹ sì kọ ibi tí owó rẹ̀ ti máa wá. Bí kò bá sí ìlà yìí nínú àdéhùn, ayẹyẹ lẹ ṣe, ẹ ò tíì tún igbó ṣe.

A gbin ọmọ igi 2,000 sínú igbó ìjọba lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn fi máa parí, ó jọ pé ìdajì ti kú. Àwọn ìjọba ní àwa la ò tọ́jú ẹ, àwa náà ní ọmọ igi tí wọ́n kó wá ni ò dáa. Ta ló jàre? — Alága ìgbìmọ̀ igbó

Ẹ jẹ́ kí òkú igi fúnra rẹ̀ jẹ́rìí. Ẹ hú ogún nínú wọn láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ fọ gbòǹgbò wọn, kí ẹ̀yin àti òṣìṣẹ́ ìjọba sì jọ wò ó.

Bí gbòǹgbò bá lọ́ yípo yípo bí ìdí ọ̀rá tí wọ́n tọ́ ọ sí, ó ti pẹ́ jù nínú ọ̀rá kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ̀bi ẹni tó tọ́ ọ nìyẹn. Bí gbòǹgbò àárín bá ká sókè bí ìwọ̀ ẹja, ihò ni kò jìn tó, ẹni tó gbìn ín ló fipá tì í wọlé. Bí ọ̀rá bá ṣì wà lára rẹ̀ (ó máa ń ṣẹlẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ), ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ẹ wo ìdí igi bóyá ikán ti jẹ èèpo rẹ̀ tó sì fi amọ̀ bò ó, kí ẹ sì wo orí rẹ̀ bóyá ẹran ló já a. Àmọ́ bí gbòǹgbò bá ti yọ jáde kúrò nínú iyẹ̀pẹ̀ ọ̀rá, tó ti wọ ilẹ̀ tuntun, tí igi sì gbẹ lẹ́yìn náà, ọmọ igi náà dáa, wọ́n sì gbìn ín dáadáa. Ó lè jẹ́ pé ẹ gbìn ín nígbà tí òjò ti ń lọ tán, ó sì lè jẹ́ pé koríko ló gba omi mọ́ ọn lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ “ó jọ pé” yẹn náà kò tó gbé wá síwájú ẹnikẹ́ni. Ẹ so okùn tó gùn ní mítà 5.64 mọ́ igi kan, kí ẹ fi yípo: ilẹ̀ tó wà nínú òbìrìkítí yẹn jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 100, èyí tí í ṣe ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún hẹ́kítà. Igi tó bá wà láàyè nínú rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100, ẹ ti rí iye tó wà ní hẹ́kítà kan. Bí ẹ bá gbin igi ní mítà 3 sí mítà 3, ó yẹ kí ẹ bá nǹkan bíi 11 níbẹ̀. Ẹ ṣe ó kéré tán 10 irú rẹ̀, kí ẹ sì ti fàmì sí ibi tí ẹ máa dúró sí lórí àwòrán ilẹ̀ kí ẹ tó wọgbó, torí ẹsẹ̀ máa ń fa èèyàn lọ síbi tí igi ti dára. Oṣù kan lẹ́yìn ìgbìn ni ẹ máa kọ́kọ́ kà á, ìkejì ní òpin ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, ìkẹta ní òpin ẹ̀ẹ̀rùn kejì. Bí èyí tó pọ̀ bá ti kú ní oṣù kan, ọmọ igi tàbí ọwọ́ ẹni tó gbìn ín ló mú un wá. Bí ó bá jẹ́ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ lọ wádìí ìtọ́jú.

Fún ìgbìn tó ń bọ̀: ẹ gba ọmọ igi tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 30 sí 40, tí wọ́n ti dín omi àti ibòji rẹ̀ kù fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ara rẹ̀ le. Ẹ má gbìn ín àfi bí ilẹ̀ bá tutù dé sẹ̀ǹtímítà 30 nísàlẹ̀. Ihò 30 níbùú, 30 lóròó, 30 níjìn. Ẹ ya iyẹ̀pẹ̀ òkè sọ́tọ̀, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dà padà sí ìdí gbòǹgbò. Kí ọrùn igi bá ilẹ̀ dọ́gba, kẹ́ ẹ sì fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ má bàa ṣẹ́kù nínú ihò. Kí ìdí rẹ̀ mọ́ ní ìwọ̀n mítà kan yípo, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún àkọ́kọ́.

Owó wa ò tó ra ọmọ igi rárá. Ṣé igbó lè padà láìgbin nǹkan kan?

Bí kùkùté àti gbòǹgbò bá ṣì wà láàyè nínú ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni, ó sì sábà máa ń dára ju èyí tí wọ́n gbìn lọ, torí gbòǹgbò tó ti jìnlẹ̀ kò bẹ̀rù ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ wá kùkùté tó ń rú. Nínú gbogbo èéhù tó yọ, ẹ mú 3 sí 5 tó ga, tó sì dúró ṣánṣán, kí ẹ gé ìyókù. Ẹ gé ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ láti ìsàlẹ̀, kò gbọ́dọ̀ kọjá ìdajì gíga igi. Àdá gbọ́dọ̀ mú, kẹ́ ẹ sì máa gé e láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Àdá tí kò mú á bó èèpo, ibẹ̀ ni àrùn máa gbà wọlé. Ẹ padà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta wá gé èéhù tuntun tó bá yọ. Ẹ̀ka tí ẹ gé kì í ṣe ìdọ̀tí, igi ìdáná ni.

Tony Rinaudo, ará Ọsirélíà, bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn àgbẹ̀ ṣe èyí ní agbègbè Maradi ní Niger ní àwọn ọdún 1980, lẹ́yìn tí igi tí wọ́n ń gbìn ń kú ṣáá. Ó ti tàn dé nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 hẹ́kítà ilẹ̀ lórílẹ̀-èdè náà. Àdá nìkan kọ́ ló ṣe é o. Tẹ́lẹ̀, ìjọba ló ni gbogbo igi, àgbẹ̀ kò sì rí ìdí tó fi yẹ kó dá igi sí. Ìgbà tí wọ́n gbà fún un pé tiẹ̀ ni èyí tó bá tọ́jú ni nǹkan yí padà. Ìdí nìyí tí a fi tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ oní-ǹkan nínú ìdáhùn àkọ́kọ́.

Wọ́n fẹ́ ká fọwọ́ sí àdéhùn pé màlúù 200 la ó máa kó wọ pápá ìjọba tó jẹ́ hẹ́kítà 600. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé 200 ló tó, pé kì í ṣe 100 tàbí 400? — Darandaran

Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ jọ wọ̀n ọ́n. Kò ju iṣẹ́ ọjọ́ méjì lọ.

Ní òpin òjò, tí koríko ti dàgbà tán, ẹ fi igi kan férémù tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50 sí 50. Ẹ gbé e kalẹ̀ níbi ogún tó jìnnà síra wọn. Ẹ gé koríko tó wà nínú rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó dáhoro. Ẹ yọ èyí tí ẹran kì í jẹ, ẹ sá ìyókù títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní lọ sílẹ̀ mọ́, kí ẹ wọ̀n ọ́n ní gíráàmù. Ẹ sọ ìpíndọ́gba rẹ̀ di ìlọ́po 40, ẹ ti rí iye kílò ní hẹ́kítà kan. Ẹ jẹ́ ká ní ó jẹ́ gíráàmù 40: ìyẹn kílò 1,600 ní hẹ́kítà kan, 960,000 lórí hẹ́kítà 600.

Ẹran kò gbọ́dọ̀ jẹ gbogbo rẹ̀. Ìdajì gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù kí gbòǹgbò má bàa kú, kí òjò má sì wọ́ ilẹ̀ lọ; ẹran á tẹ díẹ̀ mọ́lẹ̀, ikán àti tata á jẹ díẹ̀. Nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ló máa dé ẹnu ẹran: kílò 288,000. Màlúù tó wọn kílò 250 máa ń jẹ koríko gbígbẹ tó bíi kílò 6.25 lójúmọ́. 200 wọn á jẹ 1,250 lójúmọ́, oúnjẹ náà á sì tó wọn fún nǹkan bí 230 ọjọ́. Nítorí náà 200 dára fún oṣù méje, kò dára fún ọdún kan gbáko; fún ọdún kan, nǹkan bí 126 ló tó.

Ìṣirò yìí kò tíì parí. Ibi tó bá jìnnà sí omi ju kílómítà 5 lọ, ẹran kì í fẹ́ dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni orí òkè tó ga gan-an. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta pápá yín bá rí báyẹn, hẹ́kítà 400 lẹ ní, 230 ọjọ́ á sì dín sí nǹkan bí 154. Ibí ni ọ̀pọ̀ àdéhùn ti ń bàjẹ́: wọ́n ka ilẹ̀ lórí bébà, ẹran ń jẹ èyí tó wà létí omi, ibẹ̀ dahoro, wọ́n sì ní darandaran ló kó ẹran jù.

Nítorí náà, ẹ má fọwọ́ sí iye ẹran nìkan. Kí ìwé sọ iye ọjọ́, ìgbà tí pápá máa ṣí àti ìgbà tó máa tì, gíga koríko tó bá kù tí ẹ máa fi kó ẹran jáde (sẹ̀ǹtímítà 10 ṣeé bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú), àti pé ọdọọdún lẹ máa jọ tún un wọ̀n. Àwọn Sukuma ní Shinyanga, ní Tanzania, ní irú pápá àtìpa bẹ́ẹ̀ láti ìgbà àwọn baba wọn, ngitili: wọ́n ń tì í nígbà òjò, wọ́n ń ṣí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Orí èyí ni ìjọba gbé iṣẹ́ àtúnṣe tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1986 kà, kàkà kí wọ́n mú òfin tuntun wá bá wọn.

Ẹ ri òpó síbi márùn-ún, kí ẹ máa ya fọ́tò níbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà lọ́dọọdún, láti gíga kan náà, kí ẹ kọjú síbi kan náà. Lọ́jọ́ tí àríyànjiyàn bá dé, fọ́tò náà máa wúlò ju àlàyé ẹnu lọ.

Apá kan pápá wa ti le gan, omi òjò kì í wọ inú rẹ̀. A fọ́n irúgbìn koríko síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò hù.

Òjò ló gbá irúgbìn yín lọ. Ẹ gbẹ́ kòtò onílàjì òṣùpá, kí ẹnu rẹ̀ kọ sí òkè ibi tí omi ti ń bọ̀: mítà 4 láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 níjìn, kí ẹ fi erùpẹ̀ rẹ̀ mọ ebè yí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi mítà 4 sílẹ̀ láàárín kòtò kan sí èkejì; kí ìlà tó tẹ̀ lé e jìnnà ní mítà 4 láti ìlà sí ìlà, kó sì dojú kọ àlàfo ti òkè. Ó máa jẹ́ nǹkan bí 312 ní hẹ́kítà kan. Ẹ da ìgbẹ́ ẹran sí i kí ẹ tó fúnrúgbìn, kí ẹran má sì wọ ibẹ̀ fún ọdún méjì. Bí ìpẹ̀kun méjèèjì kò bá dọ́gba, omi á rọ́ gba ẹ̀gbẹ́ kan, á sì lu ilẹ̀ já. Ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀. Ẹ kan igi mẹ́ta pọ̀ bíi lẹ́tà A, kẹ́ ẹ so òkúta rọ̀ láti orí rẹ̀, kí ẹ fi wọ̀n ọ́n.

Ẹni tó fẹ́ fún wa lówó ní ká mú ìdajì wá. A ò ní i.

Ẹ bi í bóyá ó gba iṣẹ́ ọwọ́ àti irinṣẹ́ dípò owó. Ọ̀pọ̀ wọn gbà. Kí ìwé kan wà lójú iṣẹ́ tí olúkúlùkù máa kọ orúkọ, wákàtí tó dé àti èyí tó lọ sí, kó sì fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà gan-an. Ìwé tí wọ́n bá jókòó kọ lóṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, pẹ̀lú gègé kan náà àti ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà, ayẹ̀wéwò kì í gbà á. Ẹ má sì ná ju ìdajì gbogbo owó lọ́dún ìgbìn. Ti ọdún kejì àti ẹ̀kẹta gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀ kí ẹ tó gbẹ́ ihò àkọ́kọ́.