O kó ẹlẹ́rìí jọ, o ò ro ẹjọ́

Àbúrò, o ní wọ́n kọ "o ò ṣàlàyé tó" sí ẹ̀gbẹ́ ìpínrọ̀ kan nínú àròkọ rẹ, bẹ́ẹ̀ ọdún àti orúkọ kún inú ẹ̀ fọ́fọ́. Èmi náà ti jẹ ìyà ẹ̀ rí, nígbà tí mò ń ti Kubwa ní Àbújá lọ kàwé lópin ọ̀sẹ̀. 11 nínú 30 ni mo gbà.

Wọ́n ní ká sọ ìdí tí ìjọba fi gbé olú-ìlú kúrò ní Èkó wá sí Àbújá. Mo po gbogbo ohun tí mo mọ̀ pọ̀ bí ẹni po gààrí: Murtala gbé ìgbìmọ̀ Adájọ́ Akínọlá Àgúdà kalẹ̀ ní 1975, wọ́n ṣòfin Àbújá ní 1976, Babangida kó ìjọba wá ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1991. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Bàbá olùkọ́ wa fa ìlà pupa sábẹ́ ẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé: "Kí ni kí n wá fi èyí ṣe?" Ọjọ́ méjì ni mo fi bínú. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé mo kó ẹlẹ́rìí wá sí kóòtù, mi ò ro ẹjọ́ kankan.

Bí mo ṣe tún un kọ nìyí. Gbólóhùn àkọ́kọ́ sọ ohun tí mo fẹ́ fìdí ẹ̀ múlẹ̀, ẹyọ kan péré: ìjọba méjì ń du àyè ní Èkó. Ẹ̀rí tẹ̀ lé e: láti 1967 tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, ibẹ̀ náà ni ìjọba àpapọ̀ wà, ìgbìmọ̀ Àgúdà sì sọ pé ilẹ̀ ò tó. Ibi tí mo máa ń já a sí tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Lọ́tẹ̀ yìí mo fi tèmi kún un: òkun àti ọ̀sà ló yí Èkó ká, kò ríbi fẹ̀ sí fàlàlà. Nítorí náà, títún ọ̀nà ṣe níbẹ̀ ò lè yanjú ọ̀rọ̀, àfi kí ìjọba kan ṣí kúrò. Inú gbólóhùn méjì yẹn ni máàkì wà.

Mo yọ 1991 kúrò. Ó dùn mí o, mo ti há a sórí! Ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n kó ló sọ, kò sọ ìdí tí wọ́n fi kó.

Má fi ọ̀rọ̀ tí o yá lẹ́nu ẹlòmíì bẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀; kọ́kọ́ sọ tìrẹ. Gígùn ẹ̀ ò jẹ́ nǹkan kan lójú mi.

Kí n tó fi àròkọ mi lé olùkọ́ lọ́wọ́, gbólóhùn àkọ́kọ́ ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan nìkan ni mo máa ń kà fún ìyàwó mi nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó ń lọ sí Berger. Bó bá ní, "Ẹ dúró ná, báwo lẹ ṣe débẹ̀ yẹn?", mo ti mọ̀ pé àlàfo wà níbẹ̀, alẹ́ ọjọ́ náà ni màá tún un kọ.